Ta Ní Ń Tọ́ Akéwì Sọ́nà?

Inú mi dùn pé àwọn ọ̀dọ́ wa tún ń pe ara wọn jọ ní ìrọ̀lẹ́ láti kéwì, tí wọ́n sì ń gbé máìkì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n a ti gbàgbé ohun kan: àtúnṣe lójú agbo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tó jáde ní 1966, ṣàlàyé pé bí oníjàálá bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a já lù ú, òun náà a sì fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni níbi ìyẹ̀rẹ̀ Ifá: àwọn awo a máa dáhùn "hin" bí gbólóhùn bá tọ́, bí kò bá tọ́, wọn a dá a dúró.

Lóde òní, àtẹ́wọ́ nìkan ló kù. Ẹni tó ki oríkì Ògún mọ́ ti Ọya ń gba àtẹ́wọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó kì í bó ti yẹ. Bó bá pẹ́, àṣìṣe á di àṣà.

Àwọn kan ní àtúnṣe yóò lé àwọn ọ̀dọ́ sá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé ni à ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Àlejò là ń pàtẹ́wọ́ fún, tí a sì ń jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí àgbà oníjàálá, tàbí ìyá tó mọ Ṣàngó pè, máa wà níjòókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ewì, kí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti já lu akéwì, kí akéwì náà sì lè fèsì. Àwọn àgbà wọ̀nyí ń dín kù.