Fún Ọ̀dọ́ Tí Ó Fẹ́ Fi Orin Ṣe Ìtọ́jú Aláìsàn

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ Koko tí ń múra sílẹ̀ de ìdánwò bac, àwọn kan wà tí orin jẹ́ ju eré lọ fún wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, wọn á ní òfin tàbí ètò ọrọ̀ ajé, nítorí pé bàbá ti sọ pé orin kì í ṣe iṣẹ́. A kò wá bá bàbá jiyàn. A kàn fẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan wà tí ó so orin mọ́ ilé ìwòsàn, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní musicothérapie.

Kì í ṣe pé kí a tan rédíò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí a máa jókòó ti ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, tàbí àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú, a sì máa fi ohùn àti ìlù wá ọ̀nà bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí pé ẹlòmíràn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè kọ orin tí ó mọ̀ láti kékeré, tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. Ní ọdún 1944 ni Michigan State ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní Áfíríkà, Yunifásítì Pretoria bẹ̀rẹ̀ ní 1999.

Ilẹ̀ wa kò ṣàìnílò irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ agbègbè Kétu ni Grégoire Ahongbonon, tí ó ti ń ṣe táyà ọkọ̀ rí, tí ó sì wá di ẹni tí ń tú ẹ̀wọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn alárùn ọpọlọ, láti Bouaké títí dé Benin níhìn-ín. Ṣáájú rẹ̀, ní Aro l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀wọ̀n bá ti kúrò lẹ́sẹ̀, ta ni yóò jókòó ti ẹni náà?

Ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí sábà máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni kí wọ́n tó gbà á: audition nìyẹn. Wọn a ní kí ẹ ṣe orin mélòó kan tí kò jọra, kí ẹ máa kọrin bí ẹ ti ń fi gìtá tàbí dùùrù gbe ara yín lẹ́sẹ̀, kí ẹ ka orin tí ẹ kò rí rí láti inú ìwé. Ní ti ìlù àti ohùn, ọmọ Koko kò ní tijú. Ẹni tí ó ti dàgbà sínú orin tí ẹnìkan ń dá tí àwọn yòókù ń gbè ti mọ bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn, ohun tí iṣẹ́ yìí gan-an ń béèrè. Solfège ni ìṣòro. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè gba orin sétí lẹ́ẹ̀kan kí ó má sì lè ka ìlà márùn-ún. Ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lè ràn yín lọ́wọ́. Wákàtí kan lójoojúmọ́ dára ju gbogbo ọjọ́ Sátidé lọ. Bí wọ́n bá fi orin sí yíyàn yín, ẹ fi ti Yorùbá kan sí i, kí ẹ sì rí i pé ohùn orin kò yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. (Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi fídíò ránṣẹ́, ẹ gbà á sílẹ̀ ní kùtùkùtù, kí àwọn zémidjan tó bẹ̀rẹ̀ ariwo.)

Lẹ́yìn orin ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọn a béèrè pé: kí ló dé tí ẹ kò fi kúkú di olórin? Ẹni tí ó bá dáhùn pé òun fẹ́ràn orin kò tíì dáhùn. Ẹ ti lọ jókòó ti ìyá àgbà tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ rí bí? Kí ni ó ṣe nígbà tí ẹ kọrin? Ẹ lọ báyìí, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé.

Ọ̀nà náà gùn. Master ni ti Pretoria, nítorí náà oyè kìíní ni yóò ṣáájú, bóyá nínú ìmọ̀ orin tàbí ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wo Yunifásítì Paul-Valéry ní Montpellier yóò gba ọ̀dọ̀ Campus France kọjá. Gbogbo rẹ̀ ló ń ná owó, kajú ọdún kan kò sì lè gbé e. Kí ẹ bá ẹbí jókòó sọ ọ́ ní gbangba láti ìsinsìnyí.

Ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀, kí ó wá olùkọ́ solfège kí òjò tó dé. Bí iṣẹ́ oko bá ti bẹ̀rẹ̀, ìka tí ó di ọkọ́ mú láti òwúrọ̀ kì í fẹ́ rọ̀ lórí okùn gìtá ní alẹ́.