Kí Ilé Tó Wó, Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú onílùú, pàápàá àwọn tí ó háyà yàrá sí Obosi, lẹ́bàá Onitsha.

Púpọ̀ nínú wa gbà pé ìmìtìtì ilẹ̀ kò kan Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó sì mì ní Àbújá ní 2018. Lóòótọ́, kò le púpọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ilé tiwa kì í dúró de ilẹ̀ kí ó mì kí ó tó wó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ní Obosi, àgbàrá òjò ti gbẹ́ ọ̀gbun ńlá, ó sì ti gbé ilé lọ.

Ní 1988, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde nítorí ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹni tí ń yẹ ilé wò yóò rìn yí i ká láìwó ògiri. Kí ni a fi kọ́ ọ? Àjà mélòó ni? Ṣé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbalasa lórí òpó tẹ́ẹ́rẹ́? Irú ilẹ̀ wo ni ó dúró lé? Yóò sì fún ilé náà ní máàkì. Èyí tí máàkì rẹ̀ bá kéré ni ẹnjinníà yóò yẹ̀ wò fínnífínní. Níbi tiwa, ó yẹ kí a fi ìbéèrè méjì kún un: báwo ni ọ̀gbun àgbàrá ti jìnnà sí ilé náà tó? Ṣé ògiri rẹ̀ ti ń là?

Mo rọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Anambra pé kí ó ṣe ètò yìí kí òjò tó dé. Àwọn kan yóò wí pé àlejò kì í bá onílé jiyàn ilé. Ṣùgbọ́n bí àjà bá já, kì í béèrè ẹ̀yà. Kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá fi ọ̀wọ̀ bá àwọn onílé àti àgbà ìlú sọ ọ́. Ẹni tí ó sì fẹ́ san owó ilé ọdún kan, kí ó kọ́kọ́ yí ilé náà ká.

Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí ayálégbé pẹ̀lú má ṣe gbà.