Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Nígbà tí àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bí wọ́n ti tẹ ìlú dó ni wọ́n ń sọ. Ní Àkúrẹ́, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ààfin Déjì wà láàárín, ọjà ọba wà nítòsí rẹ̀, àwọn ọ̀nà sì tàn ká láti ibẹ̀. Láàárín wọn ni agboolé wà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ń gba ojúde onílé kọjá. Ẹni tí ń kọjá yóò kí onílé, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, tí a sì dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1981, ilé ń hù bí olú. Oko àná ti di àdúgbò. Ìlú ti fẹ̀ dé Ọ̀bà-Ilé. A kò bínú sí èyí. Ohun tí ó ká wa lára ni pé ìdílé kan yóò gé ilẹ̀ rẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, yóò fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láti ojú títì, ọ̀nà náà yóò sì kú sí ààlà ìdílé kejì. Ìdílé kejì yóò ṣe bákan náà. Nígbà tó bá yá, aládùúgbò méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín yóò máa rìn yí po dé títì ńlá kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Gbogbo ọkọ̀ yóò sì dà sí títì Ọba Adésìdá. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ọ̀nà kan náà ni. Bí wọ́n bá ti ti géètì rẹ̀ pa, ó di kí á máa wá ọdẹ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀nà tí kò já ni kì í jẹ́ kí olè wọlé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí olè bá wá kúkú wọlé ńkọ́, ibo ni onílé yóò gbà sá jáde?

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ ọwọ́ ìdílé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rà á. Afárá tí yóò so ìhà méjì odò Àlà pọ̀, ti ìjọba ni. Ṣùgbọ́n kí awọnlẹ̀ tó ri òkúta mọ́lẹ̀, ẹ̀yin olórí ẹbí tí ilẹ̀ yín bá ara wọn pààlà, ẹ pàdé, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ọ̀nà yóò gbà já, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé olùrà. Kí ìjọba má ṣe fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ kò bá já sí ti aládùúgbò. Níbi tí ilé bá ti pọ̀ jù, kí wọ́n tilẹ̀ la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ìwọ̀n tí ìyá tó ru agbọ̀n lè gbà kọjá.