Kí Ọkùnrin Má Ṣe Fi Ìtìjú Kárùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí bá ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ní ọdún 2019 mu, nípa àrùn ọpọlọ kan tí ó sábà máa ń mú ọkùnrin. Ó yẹ kí gbogbo ọkùnrin gbọ́ ọ, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sọ́nà.

Ọkùnrin ẹni ọdún 37 kan, tí jẹjẹrẹ kórópọ̀n ti ṣe rí, ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́. Ìrìn rẹ̀ kò gún mọ́, ohun kan ṣoṣo tí ó bá sì wò a di méjì lójú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Mayo Clinic ní Minnesota, àti ní Yunifásítì California ní San Francisco, wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi rí i pé àwọn ọmọ-ogun ara rẹ̀ ti dojú ìjà kọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Kelch-like protein 11. Wọ́n tún rí irú rẹ̀ lára ọkùnrin 12 mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. A dá ọmọ-ogun mọ́ ara ènìyàn láti bá àrùn jà. Bí jẹjẹrẹ bá yọ ní kórópọ̀n, wọn a dìde sí i. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọn a ṣìnà, wọn a sì kọlu ìdí ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ó ń darí ojú, ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbé mì. Etí ẹlòmíràn a máa hó tàbí kí ó di, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Àwọn aládùúgbò a ní ó mu ọtí yó ni, tàbí pé ayé ni ó ṣe é.

Ohun tí ó ká wa lára jù lọ nìyí: nínú àwọn ọkùnrin 13 náà, 9 ni àrùn ọpọlọ ti mú kí àwọn dókítà tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà ní kórópọ̀n wọn.

Ẹnìkan lè wí pé àrùn tí kò mú tó ẹni mẹ́ta nínú ọkùnrin 100,000 ní Olmsted, ní Minnesota, kò kàn wá. Lóòótọ́, jẹjẹrẹ kórópọ̀n kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú, ó sì wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó ṣeé wò jù lọ bí a bá tètè rí i. Ṣé ó yẹ kí ẹni tí ó lè yè kú nítorí pé ojú ń tì í láti bọ́ ṣòkòtò níwájú dókítà?

Ní ti àrùn ọpọlọ yìí, àwọn dókítà a máa yọ jẹjẹrẹ náà, wọn a sì fún aláìsàn ní oògùn tí ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ-ogun ara. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́, nítorí náà ìdádúró léwu.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọkùnrin tí ó ti bàlágà pé kókó líle ní kórópọ̀n, bí kò tilẹ̀ dun ni, kì í ṣe ohun àfipamọ́. Ẹ̀yin dókítà, bí etí, ojú àti ẹsẹ̀ ọkùnrin bá ń dà á láìnídìí, ẹ fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo kórópọ̀n rẹ̀, bí ọwọ́ kò tilẹ̀ ba ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó àti ìyá, bí ọkùnrin ilé yín bá ń lọ́ra, ẹ rọ̀ ọ́ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.