Ẹ̀sùn Lórí Bí Africa 70 Ṣe Tú Ká

Àwa tí a ń gbé Festac Town ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin mọ̀ pé nítorí àlejò ni ìjọba ológun ṣe kọ́ àwọn ilé wa. Inú wọn ni wọ́n fi àwọn olórin àti oníjó tó wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀ gbogbo wọ̀ sí, nígbà àjọ̀dún FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, ṣọ́jà ìjọba kan náà dáná sun ilé olórin ní Èkó. Mo fẹ̀sùn kàn wọ́n.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n pe Fẹlá Kútì, olórin tí wọ́n padà sun ilé rẹ̀, sínú ìgbìmọ̀ àjọ̀dún, wọn kò sì gba àmọ̀ràn rẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀, ó jókòó sí Shrine, ilé ijó rẹ̀ ní Ìdí-Òrò, àwọn àlejò sì ń wá a lọ síbẹ̀. Gilberto Gil láti Bràsíìlì wà lára wọn. Ohun tí Fẹlá ń sọ nípa ìjọba kò dùn mọ́ àwọn aláṣẹ nínú. Orin rẹ̀, Zombie, tó ti jáde ní 1976, tún ti bí àwọn ológun nínú.

Ẹ̀sùn kejì ni ọjọ́ 18 oṣù kejì. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ṣọ́jà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá ní Mọ́ṣáláṣí. Wọ́n lu àwọn olórin, wọ́n fi ipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, wọ́n sì ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ìyá Fẹlá tó jẹ́ ẹni ọdún 76, jáde láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun èlò orin jóná. Ilé ìwòsàn tí Bẹ́kọ̀, àbúrò Fẹlá, fi ń tọ́jú àwọn tálákà jóná. Ìyá kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ní 1977 yẹn náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ Sex Pistols kọrin láti fi bú ọbabìnrin wọn. BBC kọ̀ láti gbé orin náà sórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́jà tó jó ilé wọn.

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mí jù, torí ilé ẹjọ́ ni ẹni tí ṣọ́jà nà ń sá lọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ẹgbẹ̀rún ṣọ́jà, ní ọ̀sán gangan, a kò mọ̀ wọ́n! Ìyá àti àwọn ọmọ gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tó dá a nù ní 1985. Òfin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ni wọ́n dì mú, èyí tó sọ pé ọba kì í jẹ̀bi. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 ti fòpin sí òfin yẹn, ṣùgbọ́n ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ ni ilé Fẹlá ti jó. Ìyá ti kú, kò rí owó gbà-má-bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹrin kan Fẹlá fúnra rẹ̀. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò pa ẹ̀bi tirẹ̀ rẹ́. Tony Allen ti ń lu ìlù fún un láti ìgbà ẹgbẹ́ Koola Lobitos, ìlù yẹn ló sì sọ Afrobeat di ohun tí ayé mọ̀. Ní 1978, lẹ́yìn eré wọn ní Berlin, Tony Allen àti ọ̀pọ̀ nínú Africa 70, ẹgbẹ́ olórin Fẹlá, fi í sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé owó iṣẹ́ wọn ni Fẹlá fẹ́ fi du ipò ààrẹ. Ẹni tó ń jà fún tálákà yẹ kó kọ́kọ́ san owó onílù rẹ̀. Ibẹ̀ ni Africa 70 parí sí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, Egypt 80, ló tẹ̀ lé e.

Mo bẹ ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin: ẹ ri òkúta kan sí First Gate, kí ẹ kọ orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì sí i, pẹ̀lú ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977.