Ìlàjà Tí Ó Pẹ́

Lẹ́tà mẹ́ta ni ó dé ọwọ́ wa lórí ẹjọ́ ẹ̀wà tí ó wà láàárín ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Kánò àti èkejì rẹ̀ tí ń gbé ní Independence Layout ní Énúgù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: oṣù méje rèé, kí ni ẹ̀yin onílàjà ń ṣe?

Àwa ni a jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a sún ìjókòó síwájú nítorí ìnáwó, ẹ̀ẹ̀kan nítorí pé akọ̀wé gbàgbé ìwé gbèsè sílé. (Akọ̀wé náà ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.) Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹni tí ó ta ẹ̀wà kò sì dúró de ìgbìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní kí a parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ẹ rántí Énúgù kan náà. Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù January 1967, àwọn ológun jókòó ní Abúrí ní Gánà, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí wọ́n padà délé, ohun tí Gowon gbọ́ kọ́ ni Ojukwu gbọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù May, Olóyè Awólọ́wọ̀ kó àwọn onílàjà lọ sí Énúgù. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní July ogun bẹ́, ó di January 1970 kí ó tó tán. Ogun Kíríjì ńkọ́? 1877 ni ó bẹ̀rẹ̀. Samuel Johnson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn láti bùdó dé bùdó títí a fi tọwọ́ bọ̀wé ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká tán.

Nítorí náà, a kò ní í kánjú gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n a kò ní í fi ìnáwó sún un mọ́. Àpò 40 ni ẹ̀wà náà. Ará Énúgù gbà pé 28 dára. 12 tí ó ní kòkòrò ti jẹ ni ìjà wà lé lórí. Kí ó san owó 28 nísisìyí, kí a máa bá ti 12 bọ̀. Ohun tí a bá sì fẹnu kò sí, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì yóò bọwọ́ lù ú, nítorí òfin ìlàjà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní May 2023 mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù.

Ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni a ó jókòó. Ará Énúgù yóò bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìwé gbèsè ti wà nínú àpò akọ̀wé láti àná.