Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn tú fáànù tó ti bàjẹ́

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ohun tí mo fẹ́ràn jù láti kékeré. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ mi lára. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń dárúkọ ọkọ̀ olówó ńlá tí wọ́n máa rà tí wọ́n bá dàgbà, ẹ̀rọ onígbá méjì tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Adó ló ń jẹ èmi lọ́kàn: igbá kan fún fífọ aṣọ, igbá kejì fún fífún omi ara ẹ̀ dànù. Bí a bá lọ kí wọn, ìdí ẹ̀ ni màá lọ jókòó sí. Màá gbé etí lé e, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń yí sọ́tùn-ún, tó máa dákẹ́ díẹ̀, tó máa tún yí sósì. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan áyọ́ọ̀nù, bùlẹ́ńdà, fáànù, fìríìjì. Ọmọ ọdún 25 ni mí báyìí, mo ń ṣe másítà nínú físíìsì ní Ọyẹ́-Èkìtì, ìfẹ́ náà ò sì tíì kúrò lára mi.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni pé irú ìfẹ́ yìí kì í ṣe ìranù. Láàbù físíìsì wà nínú ilé yín, ẹ sì ń lé ọmọ jáde kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ wo igbá kejì yẹn. Ó máa ń yí tó ìgbà 1,300 láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti àárín ẹ̀ dé etí, ká ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ẹ máa rí i pé aṣọ tó wà ní etí igbá yẹn ń fojú winá agbára tó tó nǹkan bí ìlọ́po 190 èyí tí ilẹ̀ fi ń fà wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan kan ló ń ti omi síta. Rárá o. Omi fẹ́ máa lọ tààrà ni, bíi gbogbo nǹkan tó bá ti ń sáré. Ara igbá ló ń fipá dá aṣọ padà kó lè máa yí po. Ṣùgbọ́n igbá ní ihò, omi bá ihò lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń jáde bíi pé ó ti sá sóòrùn fún wákàtí kan.

Sẹ́ńtífúùjì tí wọ́n fi ń ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ ní láàbù ilé ìwòsàn, irú èyí tó wà ní Ìdó-Èkìtì, ọmọ ìyá ẹ̀rọ yìí ni. Tiẹ̀ kàn yára jù ni. Ẹ sì ti ṣe àbúrò àwọn méjèèjì rí. Ṣé ẹ rántí ìdérí mínírà tí a máa ń fi òkúta lù pẹrẹsẹ, tí a máa lu ihò méjì sí láàárín, tí a máa ki òwú bọ̀, tí a máa wá fà á lápá méjèèjì kó máa dún fùrùrù? Lọ́dún 2017, Manu Prakash, Saad Bhamla àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà mú irú eré yẹn gan-an, wọ́n fi bébà àti okùn ṣe é, wọ́n sì mú un yí dé ìgbà 125,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, láìlo iná rárá. Owó tó ń ná wọn láti ṣe ọ̀kan kò tó dọ́là kan. Eré tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa pé ó lè gé wa lọ́wọ́ nìyẹn o. (Ó sì lè gé yín lọ́wọ́ lóòótọ́. Mo ní àpá ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká wá sí èyí tó kan gbogbo ilé. Kí ló dé tí iná tó rẹlẹ̀ fi ń jó mọ́tò fáànù àti ti ẹ̀rọ ìfọṣọ? Mọ́tò tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Ìkọ̀lé o. Èyí tó ń yí nǹkan ni. Ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ bọ́gbọ́n mu. Iná tó pọ̀ jù ló yẹ kó jó nǹkan, àbí? Ṣùgbọ́n agbára tí irú mọ́tò yìí fi ń yí nǹkan kì í bá fóltéèjì rìn ní ọgbọọgba. Bí fóltéèjì bá dín kù di ìdajì, agbára yẹn á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí 230 bá di 160, agbára tó kù ò tó ìdajì. Ẹ wá ro aṣọ jíǹsì mẹ́ta tó mu omi yó nínú igbá: mọ́tò ò lè yí i mọ́. Mọ́tò tó dúró sójú kan sì ń fa iná ju èyí tó ń yí lọ. Iná yẹn á di ooru, ooru á jó ọ̀dà tí wọ́n fi bo wáyà kọ́pà, wáyà á kan wáyà, ẹ̀yin á gbọ́ òórùn. Ó tán.

Àwọn ọ̀gá tó ń ká wáyà mọ́tò lẹ́bàá títì mọ èyí dáadáa. Wọ́n á fi imú gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á ní “iná rẹlẹ̀ ló jó o.” Wọ́n á tú wáyà tó jó, wọ́n á ka iye ìgbà tó yí po, wọ́n á fi ọwọ́ ká òmíràn sí i. Ní ilé-ìwé girama tí mo lọ, orí pátákó la ti rí mọ́tò: àwòrán mágínẹ́ẹ̀tì méjì, ọfà mẹ́ta, “ẹ dà á kọ.” Mo mọ àwọn tó gba A nínú físíìsì tí wọn ò tíì fojú kan inú mọ́tò rí. Ọ̀gá tó ń ká wáyà ní tiẹ̀ kò rí ẹni bá a ṣàlàyé ìdí tí iye yẹn fi gbọ́dọ̀ pé. Ìmọ̀ kan náà ni, a wá pín in sí méjì, a fi títì sáàárín, àwọn tó wà lápá kan sì ń fojú tín-ínrín àwọn tó wà lápá kejì.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tún wà níbẹ̀. Obìnrin ni mí. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti sọ fún mi pé aṣọ ni wọ́n ní kí n fọ̀, wọn ò ní kí n tú ẹ̀rọ. Àbúrò mi ọkùnrin tú rédíò, wọ́n ní ẹńjíníà la bí. Èmi tú áyọ́ọ̀nù, wọ́n ní mo ń ba nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń fọ aṣọ gan-an la mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti nira. Onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì kan, Herbert Sinner, ṣàlàyé ní 1959 pé nǹkan mẹ́rin ló ń mú aṣọ mọ́: ọṣẹ, agbára, ooru àti àsìkò. Bí ọ̀kan bá dín, òmíràn gbọ́dọ̀ lé. Ìyá àgbà tó ń lu aṣọ mọ́ òkúta létí odò ò ní omi gbígbóná. Apá àti àsìkò ló fi dí i. Àsìkò ta ni? Lọ́dún 2010, Hans Rosling, onímọ̀ ìlera ará Sweden, sọ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní TED pé bílíọ̀nù 2 péré nínú bílíọ̀nù 7 èèyàn ayé ló ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì sọ bí ìyá ẹ̀ ṣe ń lo àsìkò tí ẹ̀rọ náà fún un láti mú un lọ sí ilé ìkàwé.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ìyẹn fún wọn lọ́hùn-ún ò bá Ọyẹ́ mu ṣá. Irú èyí tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì níwájú, nǹkan tó ń gbóná omi nínú ẹ̀ lè gba 2,000 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ò ju nǹkan bíi 650 lọ. Ó tún fẹ́ omi tó ń fi ipá jáde látinú páìpù, nígbà tó jẹ́ pé kànga àti kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ wa ní. Èmi ò rí ìdí láti máa ṣojú kòkòrò sí i. Onígbá méjì tí ẹ lè fi ike bu omi sí dára jù fún wa. Ọ̀kan tó ń wù mí jù nísinsìnyí tiẹ̀ ni Divya, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Navjot Sawhney, ẹńjíníà ará Bìrìtìkó tó bẹ̀rẹ̀ The Washing Machine Project ní 2018, fi orúkọ obìnrin aládùúgbò ẹ̀ kan ní Íńdíà pè é.

Kí a má rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀. Mohammed Bah Abba, tíṣà ní Jigawa tí wọ́n bí sínú ẹbí amọ̀kòkò, ki ìkòkò kan sínú òmíràn, ó da yanrìn tútù sáàárín wọn, ó fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lára yanrìn ló ń kó ooru lọ. Ìgbá tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 wá ń pé ọjọ́ 27. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Níhìn-ín, ní oṣù kẹjọ tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, kò lè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà ọyẹ́ (Ọyẹ́ ní ọyẹ́, ẹ má bínú).

Ohun tí mo ń bèèrè ò ná owó. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì wa wà, ní tábìlì kan tí wọ́n kó òkú fáànù àti bùlẹ́ńdà sí. Kí wọ́n pe ọ̀gá tó ń ká wáyà wá lẹ́ẹ̀kan láàárín táàmù, kí wọ́n pè é ní “sà”, kí wọ́n san owó ọkọ̀ ẹ̀. Kí tíṣà físíìsì dúró tì í, kó máa sọ ìdí. Kí àwọn ọmọbìnrin kọ́kọ́ di síkúrúdíráfà mú.

Nílé, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí ẹ tó fún ọmọ ní fáànù, kì í ṣe kí ẹ kàn pa súwíìṣì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan capacitor ẹ̀, torí ó lè ṣì ní iná nínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Fáànù, áyọ́ọ̀nù àti bùlẹ́ńdà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Máíkíróweéfù àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó sanra lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ṣí i, kódà bó bá ti pé oṣù kan tí wọ́n ti tan án kẹ́yìn. Fóltéèjì inú wọn ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì lè pa àgbà.